Ó Ní Kí Àǹtí Audrey Má Ta Ilé Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn akọni, ẹ fa àga yín sún mọ́ tòsí. Ọ̀kan rèé láti etí òkun.

Orúkọ akọni náà ni Rodney Blanchard, alága ìgbìmọ̀ abúlé Wenby, ní Lincolnshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Áísìkirimù ló ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó dojú kọ òkun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi áísìkirimù wo ọkùnrin yìí o. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan dé tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ihò sísàlẹ̀ ilẹ̀ Wenby, kí àwọn sì kó pàǹtí núkílíà sínú rẹ̀, Rodney ló kọ́kọ́ fò dìde.

Pàǹtí yìí ni ohun tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti fi núkílíà ṣe iná mànàmáná tán. Kò ní òórùn, kò ní ariwo, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn, oró rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ ọmọ ẹni á di ẹni ìgbàgbé, oró náà á ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó dára gan-an láti gbé sún mọ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń fi iyanrìn kọ́ ilé.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sin èmi Rodney sínú ihò náà,” ló wí nínú gbọ̀ngàn abúlé, “kí wọ́n tó sin pàǹtí wọn!”

Gbọ̀ngàn mì tìtì. Àwọn kan sunkún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń ra áísìkirimù nínú òtútù tó ń gé etí, nítorí ìfẹ́ ìlú.

Oṣooṣù ni ìpàdé máa ń wà. Oṣooṣù náà ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ máa ń dé pẹ̀lú ẹ̀rín àti bisikíìtì, irú èyí tó ní ṣokoléètì lára. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí kò léwu kì í nílò ṣokoléètì.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Philippa Strand ni agbẹnusọ wọn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ẹni tó sì máa ń dá a lóhùn jù ni Len Dawber, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì. Etí Len wúwo, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pariwo bí ẹni pé gbogbo ayé ni etí wọn wúwo.

“Bí kò bá léwu,” Len ní, “kí ló dé tí ẹ ò sin ín sí London, níbi tí ẹ̀ ń gbé?”

“Ìbéèrè tó dára gan-an nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Dawber. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

“Mi ò fẹ́ ọpẹ́, èsì ni mo fẹ́!”

“A dúpẹ́ fún ìyẹn náà.”

Ìyàwó ilé kan na ọwọ́ sókè. “Ilé wa ńkọ́? Ta ló fẹ́ ra ilé tó jókòó lórí pàǹtí?”

“Ìbéèrè tó dára gan-an ni.”

Bí ìpàdé ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fi àwọn ará Wenby lọ́kàn balẹ̀. Àdéhùn ni pé ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ abúlé bá ti dìbò pé àwọn ò ṣe mọ́, ilé-iṣẹ́ á kó ẹrù rẹ̀. Ìdìbò kan ṣoṣo, ó parí. Ta ló sì ń pe ìdìbò? Alága. Ta ni alága? Rodney wọn, àpáta wọn. Kí ló tún kù?

Ẹni tó fẹ́ràn àpáta yìí jù lọ ni Àǹtí Audrey Dowse. Kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá Rodney kú, tí Rodney ṣì ń wọ ṣòkòtò pénpé, Àǹtí Audrey ló ń se oúnjẹ fún un, òun ló ń rán bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní báyìí tó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, òun ló ń kun pátákó ìwọ́de. Pátákó A Ò FẸ́ Ẹ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Rodney, ọwọ́ Àǹtí Audrey ló kùn ún.

Ó ku díẹ̀ kí òtútù tán nígbà tí Philippa Strand rọra ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Rodney wọlé. Ó ra áísìkirimù. Ó lá a. Ó dijú.

“Alága,” ó ní, “mo ti lọ sí abúlé púpọ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Mi ò tíì rí ẹni tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ tirẹ̀ bíi tiyín.”

Rodney mú aṣọ, ó ń nu káńtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. “Èmi? Áísìkirimù lásán ni mò ń tà.”

“Irú yín kọ́ ló yẹ kó máa ta áísìkirimù.”

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ra ènìyàn. Obìnrin náà ò tíì yọ kọ́bọ̀, ọjà sì ti ń wọ inú àpò rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán kan hàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé òkun ti ń jẹ etí Wenby lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí Rodney ti wà lọ́mọdé. Ọ̀nà ìgbafẹ́ tí àwọn àlejò máa ń rìn létí omi ti wó, èyí tó kù di ilé ẹyẹ òkun. Nínú àwòrán yìí, ọ̀nà tuntun ló wà níbẹ̀, ó gbòòrò, ó ní ìjókòó, ó ní iná, ògiri gìrìwò dá òkun dúró. Ní ẹnu ọ̀nà, òkúta ńlá kan wà tí wọ́n kọ nǹkan sí: Ọ̀nà Ìgbafẹ́ Rodney Blanchard.

“Ta ló kọ orúkọ mi síbẹ̀?”

“Àpẹẹrẹ lásán ni. A lè pa á rẹ́.”

“Rárá, rárá,” Rodney yára dáhùn. “Mi ò ní kí ẹ pa á rẹ́. Mo kàn béèrè ni.”

Philippa rẹ́rìn-ín músẹ́. “A ò ní kí ẹ fọwọ́ sí nǹkan kan o. A ò tiẹ̀ ní kí ẹ má jà mọ́. Ẹ máa jà, ìjà yín wù mí. Kí ẹ ṣáà má tíì pe ìdìbò. Kí ẹ sì fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé wọn sá lọ, àwọn oníwèé ìròyìn á ya bò wá, àwọn ọ̀gá mi á sì ní kí n lọ wá abúlé mìíràn.”

“Ọ̀nà ìgbafẹ́ náà á sì bá yín lọ.”

“Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́n, Alága.”

Rodney wo òkun. Ó béèrè ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹnu ihò náà sí, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù á ti máa wọlé jáde. Philippa na ìka gba ojú fèrèsé. “Pápá tó wà lẹ́yìn ilé funfun yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ilé funfun yẹn, ti Àǹtí Audrey ni.

Rodney ronú. Ẹ má rò pé kò ronú. Ó ronú dáadáa, ó sì wá béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. “Orúkọ yẹn, ṣé wọ́n á gbẹ́ ẹ sára òkúta náà ni, àbí wọ́n á kàn fi ọ̀dà kọ ọ́?”

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Àǹtí Audrey ní kí ó wá jẹ páì ápù nílé òun. Ó bu èyí tó tóbi fún un, ó jókòó tì í, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

“Roddy, mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé yìí.”

Páì há Rodney lọ́fun díẹ̀. “Ẹ fẹ́ ta ilé?”

“Bridget ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́.” Bridget ni ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ó ń gbé ní Leicester. Àìsàn kan ń jẹ agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kó ẹrù lọ, ó fi ọmọ wẹ́wẹ́ méjì sílẹ̀ fún un. “Ilé kékeré kan wà ní títà ní òdìkejì títì, ó dojú kọ ilé rẹ̀ gan-an. Bí mo bá ta ibí, mo lè rà á. Màá kàn máa fò sọdá ni, màá máa wẹ ọmọ, màá máa se oúnjẹ.”

“Ẹn-ẹn.”

“Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Èmi tí mò ń kun pátákó, kí n wá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sá? Ọkàn mi pín sí méjì. Ìwọ lo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Sọ òtítọ́ fún mi, Roddy. Ṣé kí n tà á báyìí kó tó pẹ́ jù, àbí kí n dúró?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ní láti sọ, ‘Ẹ tà á.’ Kò ní láti tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó lè fi àárẹ̀ ẹsẹ̀ Bridget ṣe àwáwí, ó lè fi òtútù ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó ń rí i lójú inú rẹ̀ bí ìròyìn á ṣe lọ: ìyá tó ń kun pátákó ti sá! Gbogbo Wenby á tẹ̀ lé e. Philippa á kó fóònù rẹ̀ lọ, òkúta á bá a lọ.

“Àǹtí, ẹ má tà á,” Rodney ní. “À ń borí wọn. Tó bá fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á ti kó ẹrù wọn, ilé yín á sì tún níye lórí ju báyìí lọ. Ẹ ní sùúrù.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ṣé mo ti parọ́ fún yín rí?”

Àǹtí Audrey ronú sí i. “O ti jí bisikíìtì mi nígbà kan, o ní ajá ló jẹ ẹ́.”

“Yàtọ̀ sí ìyẹn.”

“Yàtọ̀ sí ìyẹn, rárá.” Ara ìyá àgbà náà fúyẹ́. Ó dìde, ó pe ẹni tó fẹ́ ra ilé lórí fóònù níṣojú Rodney, ó ní kó má bínú, òun ti yí ọkàn padà. Nígbà tó pa fóònù, ó gé páì sí i fún un.

Ó jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí Rodney Blanchard jẹun.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ti Wenby tiẹ̀ ní máíìkì.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Len ní kí wọ́n dìbò. Alága ní kánsẹ́lọ̀ kan ò sí ní ìjókòó, kò ní dára kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, gbogbo kánsẹ́lọ̀ pé pérépéré. Alága ní ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú.

“Ẹnu wo ló kù?” Len pariwo. “A ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu wa fi bó!”

“Ìjọba tiwa-n-tiwa ò fẹ́ ìkánjú, Len.”

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bí ó ṣe ń sún ìdìbò síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń le sí i. Ó lu tábìlì, ó bú ìjọba. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ilé-iṣẹ́ náà lójú ni.

Nílé, Lorna ìyàwó rẹ̀ kàn ń wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. “Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò yẹ fún irú iyì yìí...”

Lorna kan ilẹ̀kùn. “Iyì wo?”

Omi dákẹ́. “Orin ni mò ń kọ.”

“Orin wo ló ní ‘kí n tó gé rìbọ́ọ̀nù yìí’? Kí ni wọ́n fẹ́ ṣí fún ẹ, Rod?”

Ó jáde tòun ti ọṣẹ létí, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìgbafẹ́ fún un. Ó fi ti pápá ẹ̀yìn ilé Àǹtí Audrey pamọ́. Òtítọ́ náà máa ń fẹ́ kí wọ́n bù ú díẹ̀díẹ̀.

“Nítorí abúlé ni,” ó ní. “Ògiri òkun, Lorna. Àǹfààní gbogbo wa.”

“Ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ kì í ṣe kékeré. Ìgbà tí o bá ti ní nítorí abúlé, mo ti mọ̀ pé nítorí Rodney ni.”

“Ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin ni mí. Lọ ṣan ọṣẹ etí ẹ.”

Láìpẹ́, Àǹtí Audrey yà sí ṣọ́ọ̀bù. “Wọ́n ti ta ilé kékeré yẹn, Roddy. Èyí tó dojú kọ ilé Bridget. Tọkọtìyàwó kan ló rà á.” Nígbà tó rí i bí ojú Rodney ṣe yí padà, ó na ọwọ́ kọjá lórí káńtà, ó gbá a lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. “Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Òmíràn á yọ.”

Ẹni tí wọ́n dà ló ń ṣìpẹ̀ fún ẹni tó dà á. Ọkàn Rodney gbọgbẹ́. Ó gbọgbẹ́ débi pé kò gba owó áísìkirimù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà tú, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa gbọ̀ngàn yìí. Nítorí pé àgbàlagbà pọ̀ ní Wenby, wọ́n ti tẹ́ wáyà kan yí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ká. Ohun tí ẹni tó wọ máíìkì bá sọ, wáyà yìí á gbé e lọ tààrà sínú ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tí etí wọn wúwo máa ń kì bọ etí, kedere, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí wọn létí. Àwọn tó kù á gbọ́ tiwọn láti inú àpótí ohùn tó wà lára ògiri. Ọ̀nà méjì ni. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan, èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Rodney mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló jà fún wáyà náà. “Ní Wenby,” ló wí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, “kò sí àgbà kan tí ọ̀rọ̀ máa fò dá!” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nígbà yẹn náà.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ó fi máíìkì kékeré kọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Len ní ìdìbò dà. Àwọn ènìyàn ní ìdìbò dà. Rodney rí i pé ilẹ̀ ti ń gbóná, ó kéde pé kí wọ́n lọ mu tíì ná. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ìjà tí àwọn ènìyàn yìí ò ní dá dúró nítorí tíì.

Obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn pa àpótí ohùn ara ògiri nítorí pé ó ń han gooro. Ti máíìkì tó wà lọ́rùn alága, kò sẹ́ni tó rántí.

Rodney fa Philippa wọ ilé ìdáná ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, ó pa ilẹ̀kùn dé.

“Ẹ fẹ́ pa mí o,” ó ní. “Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ dìbò lónìí. Len ń wò mí bí ẹja tó ti rà.”

“Ẹ sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i péré, Alága.”

“Mo ti sún un títí ọwọ́ mi fi bó. Ọ̀rọ̀ Ọ̀nà Ìgbafẹ́ Rodney Blanchard ńkọ́? Ṣé ó ṣì dúró? Ṣé òkúta ṣì ni?”

“Òkúta ni.”

“Lẹ́tà ńlá?”

“Lẹ́tà ńlá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“Ìyá tó ń gbé nínú ilé funfun ńkọ́?” Philippa béèrè. “Ẹ ní ó fẹ́ ta ilé.”

“Àǹtí Audrey? Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ní kó má tà á. Kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé òun gan-an lẹ fẹ́ gbẹ́ sí. Kò lè mọ̀. Ohun tí mo bá ti sọ fún un, abẹ gé e.”

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn tí etí wọn dá ṣáṣá ń jẹ bisikíìtì, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tí etí wọn wúwo ló dákẹ́. Ọ̀kan gbé kọ́ọ̀pù débi ẹnu, kò mu ún, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òmíràn di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Àǹtí Audrey, tó wà ní ìlà iwájú, tí òun náà ki ẹ̀rọ bọ etí, rọra gbé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àga, bí ẹni pé á fọ́ bí òun bá yára.

“Kí ló dé?” ọ̀dọ́mọbìnrin kan béèrè. “Kí lẹ̀ ń gbọ́?”

“Ẹ dákẹ́,” ni Len wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. “Alága ń sọ̀rọ̀.”

Kí Rodney tó jáde, àwọn tó gbọ́ ti ń tú u sí etí àwọn tí kò gbọ́. Ó jáde pẹ̀lú kéèkì lọ́wọ́, ó jókòó, ó kan tábìlì.

“Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ. Gẹ́gẹ́ bí mo ti ń wí, ẹ̀yin ènìyàn mi, bó bá gba ẹ̀mí mi...”

“Lẹ́tà ńlá!” Len ké.

“Kí lo wí?”

“Mo ní lẹ́tà ńlá ni kí wọ́n fi kọ ọ́! Sára òkúta!”

Ìyá àgbà kan ní ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ọ̀nà Ìgbafẹ́ Rodney Blanchard! Ẹ bá mi yọ̀, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń ta áísìkirimù.”

Ẹ̀rín bẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ Rodney lọ sí ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kan máíìkì náà. Ojú rẹ̀ funfun ju áísìkirimù rẹ̀ lọ.

Àǹtí Audrey dìde.

“Roddy.”

“Àǹtí...”

“Ṣé ẹ̀yìn ilé mi ni?”

Rodney wo Philippa. Philippa ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ló béèrè ìbéèrè tó dára gan-an.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nítorí abúlé ni mo...”

“Rod,” ohùn Lorna wá láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. “Má sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, má sọ ìyẹn.”

Rodney gbé kéèkì rẹ̀ kalẹ̀.

“Ọjọ́ tí o jókòó nílé mi,” Àǹtí Audrey ní, “tí mo ní kí o sọ òtítọ́ fún mi, ṣé o ti mọ̀?”

Ó ṣeé ṣe kó purọ́. Ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ló rán bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó máa rán an, ó sì dúró níwájú rẹ̀ báyìí.

“Mo ti mọ̀,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n máíìkì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó wọ gbogbo etí tó yẹ kó wọ̀.

Àǹtí Audrey mi orí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín àga lọ, àwọn ènìyàn ń yà fún un bí ẹni pé òkú ló ń kọjá.

Igbákejì alága gba àga lẹ́sẹ̀ kan náà, ó pe ìdìbò. Gbogbo kánsẹ́lọ̀ ló nawọ́ pé kí ilé-iṣẹ́ máa lọ. Rodney náà nawọ́. Tirẹ̀ ló ga jù, nítorí ó ti mọ́ ọn lára.

Ó dáa, kí wá ni wọ́n rí jẹ níbẹ̀? Kò pẹ́ rárá tí ilé-iṣẹ́ kéde pé àpáta abẹ́ ilẹ̀ Wenby ò tiẹ̀ dára tó tẹ́lẹ̀, àwọn ti rí èyí tó sàn jù níbòmíràn. Ohun tí Rodney fi Àǹtí Audrey rà, kò tiẹ̀ sí lọ́jà. Philippa ti wà ní abúlé tuntun. A gbọ́ pé alága wọn níbẹ̀ náà jẹ́ ẹni tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ tirẹ̀ gan-an.

Wọ́n yọ Rodney nípò. Wọ́n ṣì ń ra áísìkirimù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń tà á. Wọn ò kàn kí i mọ́. Wọ́n á na ìka sí èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sanwó, wọ́n á yíjú sí òkun. Lorna ò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó kàn sọ fún un lórí oúnjẹ pé, “O ní kí wọ́n kọ́kọ́ sin ẹ́. Wọ́n gbọ́.”

Ti Àǹtí Audrey ló burú jù. Ìwé ìròyìn ti gbé orúkọ Wenby káàkiri. Ihò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ò lọ. Ẹni tó fẹ́ ra ilé rẹ̀ ti ra ibòmíràn. Pátákó “Ilé Títà” dúró síwájú ilé funfun, afẹ́fẹ́ òkun ń gbá a, kò sẹ́ni tó yà wò ó. Ní Leicester, Bridget ti ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ aláìlera. Tọkọtìyàwó tó ra ilé òdìkejì máa ń juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í bá a wẹ ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà yìí ń wọ bọ́ọ̀sì, tó tún ń wọ ọkọ̀ ojú irin, kó lè lọ wo ọmọ rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Rodney gan-an ni wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì.

Fún ìgbà pípẹ́ ni Rodney ń gba ojú gíláàsì wò ó, tí kò lè jáde. Àwọn tó bá rò pé ìtìjú ni kí wọ́n yọ ènìyàn nípò, wọn ò mọ ìtìjú. Ìtìjú ni kí o máa wo ẹni tó tọ́ ọ dàgbà kó máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, kí o sì mọ̀ pé ìwọ lo gbé e síbẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó kún fún páì rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó wá jáde. Ó ṣí agbòòrùn, ó lọ dúró tì í.

“Àǹtí, ọkọ̀ mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Leicester. Ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ o. Màá kàn wà á ni.”

Àǹtí Audrey ò bínú sí i. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó sún kúrò lábẹ́ agbòòrùn náà díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń yẹra fún àlejò lójú títì.

“Rárá o, Roddy. Bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀.”

“Bọ́ọ̀sì yìí kì í tètè dé, Àǹtí. Ó máa ń já ènìyàn kulẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í ṣe ọmọ mi. Bó bá já mi kulẹ̀, kò ní dùn mí.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn tó ń béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè bi, Rodney Blanchard ní kí n bá òun kí yín.

Ó dúró níbẹ̀, ó na agbòòrùn sórí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, òjò ń pa àwọn méjèèjì. Bọ́ọ̀sì pẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Àǹtí Audrey dúró dè é.